Láti Jos padà sí Ìkòròdú: ṣé ooru ló ń lé mi, àbí ìwà aládùúgbò?

Ìyá Tèmi, Igbógbó · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ooru.

Ìta Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú níbí, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí kí n tó lọ́kọ. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa lọ sí Jos. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko la lò níbẹ̀, ibẹ̀ la bí àwọn ọmọ méjèèjì sí. Ó ti di oṣù mẹ́rìnlá tí a padà wálé, a gba ilé sí ẹ́stéètì kan ní Igbógbó. Nísinsìnyí, ibi iṣẹ́ ọkọ mi tún ní kí ó padà sí Jos bí ó bá wù ú, wọ́n sì ń retí èsì kí oṣù kẹrin tó parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ooru. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ró ìró mọ́ àyà, àwọn ọmọ sùn sórí ilẹ̀ táìsì lásán torí pé ẹní gan-an ń gbóná. Àbúrò Tèmi, ọmọ ọdún márùn-ún, ara rẹ̀ ti sú láti ọrùn dé ìbàdí. Inú oṣù kìíní ni mo bí i, nínú òtútù tó jẹ́ pé a ń dáná èédú sí yàrá kí a tó lè bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Báyìí, bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, kí n tó fi táwẹ̀ẹ̀lì nù ún dé ẹsẹ̀, òógùn mìíràn ti bo orí rẹ̀.

Jos wà lórí òkè. Ilẹ̀ rẹ̀ ga ju mítà 1,200 lọ sí ojú òkun, ìlú tiwa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀sà dọ́gba. Bí a bá fi mítà 1,000 gòkè, afẹ́fẹ́ a máa fi nǹkan bí dígírì 6 tutù sí i, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè fi aṣọ bora sùn níbẹ̀ nínú oṣù kẹta. Láti oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń dé. Ètè á sán, òrí la fi ń pa ara láàárọ̀ àti lálẹ́. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tí a ń rà ní Farin Gada láàárọ̀, ọwọ́ mi ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe ń tutù.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti ènìyàn. Ní àdúgbò wa ní Jos, obìnrin Berom kan ló kọjú sí wa, télọ̀ Hausa kan wà lápá ọ̀tún, ẹbí kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ wà lẹ́yìn. Nígbà tí mo bí àbúrò Tèmi, ìyá Berom yẹn ló ń gbé gwote, ìyẹn acha, ọkà wẹ́wẹ́ kan, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́, wá fún mi láràárọ̀ títí ọmọ fi pé ọjọ́ mẹ́jọ. Kò gbọ́ Yorùbá, n kò gbọ́ Berom, Hausa díẹ̀ tó wà lẹ́nu mi la fi ń sọ̀rọ̀. Bí Tèmi bá ti ilé-ìwé dé tí n kò sí nílé, ilé tó bá wù ú ló ń wọ̀, á ti jẹun yó kí n tó dé.

Níbí ńkọ́? Oṣù mẹ́rìnlá, n kò mọ orúkọ ọkùnrin tí odi rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tiwa. Lọ́jọ́ kan ó ń fọ mọ́tò níwájú ilé, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà.” Ó wò mí, ó wọ inú mọ́tò, ó yí gíláàsì sókè. Gíláàsì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìkòròdú Ọ̀gà, ìlú bàbá mi! Àlejò ni mí ní Jos, wọ́n ṣe mí bí ọmọ ilé. Mo délé tán, mo wá di àlejò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ibòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú-ọjọ́ ló ń yí ìwà ènìyàn padà? Ṣé òtútù ló ń kó wọn jọ, tí ooru ń tú wọn ká? Ṣé kí a padà?

Alájì Ọ̀nà Ṣàgámù · Ọjọ́ Ajé, 10:25 alẹ́

Ìyá Tèmi, ẹ kú ìfaradà. Mo ta àdìrẹ ní Sabon Gari ní Kánò fún ọdún 22 kí n tó padà wálé, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ooru kì í tú ènìyàn ká. Oṣù kẹrin ní Kánò máa ń gbóná dé dígírì 40. Ṣùgbọ́n ooru gbígbẹ ni. Òógùn kì í pẹ́ lára tó fi ń gbẹ, gbígbẹ tó ń gbẹ yẹn ló sì ń mú ara tutù. Tiwa níbí, ọ̀sà wà nítòsí, omi ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kò ríbi gbẹ sí, á kàn máa ṣàn ni. Ìdí nìyẹn tí dígírì 33 ní Ìkòròdú fi ń ni mí lára ju 38 ti Kánò lọ. Torí náà, kì í ṣe pé ara ọmọ yín kò dáa o. Omi tútù àti afẹ́fẹ́ ló nílò, ẹ má fi páúdà dí ojú ara rẹ̀.

Nínú ooru yẹn, kò sẹ́ni tó ń sùn sí yàrá ní Kánò. Kálukú á gbé ẹní jáde sí àgbàlá tàbí iwájú ilé, ẹlẹ́tíì á wà ní ìkóríta títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìta yẹn la ti mọ ara wa. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ tí Hausa kan ń kọjá, á ní “sannu da aiki”. “Ẹ kú iṣẹ́” tiwa gan-an nìyẹn. Nígbà ààwẹ̀, wọ́n á gbé abọ́ oúnjẹ síta ní àsìkò ìṣínu, ẹni tó bá ń kọjá á jókòó tì wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Fún ọdún 22, orúkọ tí wọ́n ń pè mí kò kúrò ní Bayarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá. Sabon Gari fúnra rẹ̀, “ìlú tuntun” ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìjọba òyìnbó ló ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwa àlejò, lẹ́yìn odi ìlú. Mo jẹun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi, a jọ kírun, ṣùgbọ́n n kò kọjá zaure wọn rí, yàrá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kò gbọdọ̀ dé ibi tí àwọn ìyàwó wà. N kò kà á sí ìwà burúkú, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ilé nìyẹn. Ọ̀yàyà ìta ọ̀tọ̀, kí wọ́n gbà ọ́ wọ ìyẹ̀wù ọ̀tọ̀. Èyí tí ẹ rí ní Jos, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó kó ẹrù.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ìyá Tèmi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ́stéètì kì í ṣe Ìkòròdú! Ẹ wo ibi tí ẹ gbà: odi gíga, géètì, wáyà lórí odi, jẹnẹrétọ̀ lójú fèrèsé, kálukú tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ lọ jókòó síwájú ilé bàbá yín ní Ìta Ẹlẹ́wà fún wákàtí kan péré, ẹ ó gbọ́ “ẹ kú ooru” títí ẹnu á fi ro yín láti dáhùn.

Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo. Òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń pàṣẹ fún wa níbí. Bí omi ọ̀sà bá kún, ẹja á tú ká, apẹja á pẹ́ lórí omi kó tó rí nǹkan, owó ẹja á gbéra. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú kí omi fà, ẹja á kó jọ. Bí ìjì bá sì dìde, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ni ọ́ tàbí Èkó Ẹ̀pẹ́ kó tó bá ọ fa ọkọ̀ gúnlẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: apá méjì ni ìlú wa. Nígbà tí àwọn òyìnbó lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ forí lé, àwọn Ìjẹ̀bú tó ti wà níbẹ̀ sì gbà wọ́n. Àtọmọdọ́mọ wọn là ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́, àwọn ló ń ṣe ọdún Kayókayó. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún, a ṣì mọ ẹni tó bá ta ni níbẹ̀. A máa ń fa ọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n a ń fẹ́ ọmọ ara wa, a sì jọ ń pàtẹ ẹja. Gbígba àlejò kì í tán lọ́jọ́ kan, ìran dé ìran ni.

Dípò, Ìjẹ̀dẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:12 àárọ̀

Tèmi ni pé bí iná bá wà, ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ ooru? Ẹ̀gbìn, ibùdó amúnáwá tó lágbára dé mẹ́gáwáàtì 1,320, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa níbí. A ń wo èéfín rẹ̀, ọwọ́ wa ni a fi ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Ọmọ Bùkúrù, ní Ògòlóńtò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀

Dípò, iná Ẹ̀gbìn kì í dúró sí Ìjẹ̀dẹ́, orí wáyà ńlá ti gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń gùn kí wọ́n tó pín in kiri. Ó dun èmi náà. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, màá padà wá sí ọ̀rọ̀ Jos yìí lálẹ́, torí ó kàn mí.

Nọ́ọ̀sì Winnipeg · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:05 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò. Ìjẹ̀dẹ́ ni ilé bàbá mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Winnipeg ní Kánádà, ọdún kẹjọ rèé.

Ìyá Tèmi, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dáná èédú sí yàrá tí ẹ tì mọ́ láé, ní Jos tàbí níbikíbi. Atẹ́gùn kan wà tó ń jáde lára rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú kò lè rí, ó máa ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí ẹ bá padà síbẹ̀, ẹ wá aṣọ tó nípọn fún ọmọ, kí èédú wà níta.

Ẹ bèèrè bóyá òtútù ń kó ènìyàn jọ. Nínú oṣù kìíní, a máa ń rí dígírì 30 sí abẹ́ òdo níbí. Wáyà iná la fi ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò mọ́jú kó má baà kọ̀ láti dìde. Nínú oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Nínú oṣù kẹfà ẹ̀wẹ̀, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ á lù, ojú á ṣì mọ́ kedere.

Mo mú ìyá mi wá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Oṣù kọkànlá ló dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ kóòtù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá: “Ẹ kú òtútù o!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó sídìí fèrèsé, ó ń ka mọ́tò. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, “Pupa méje, funfun ogún.” Lálẹ́ ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé, “Òtútù yìí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àìrẹ́ni bá mi pín in ni.” Oṣù mẹ́ta ló lò, ó ní kí n mú òun lọ sílé.

Mo ka àwọn ènìyàn ibí sí ọlọ́kàn òkúta nítorí ìyẹn. Ó wá di oṣù kejì ọdún. Mo ń lọ sí iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù, táyà mọ́tò mi rì sínú sínóò níwájú ilé, ó ń yí lásán. Bàbá àgbà kan ń gbé òdìkejì. Fún ọdún márùn-ún, “hẹ́lò” ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jáde pẹ̀lú aṣọ oorun lára, bàtà ńlá lẹ́sẹ̀, ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ó gbẹ́ sínóò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da iyanrìn sábẹ́ wọn, ó ti mọ́tò lẹ́yìn títí ó fi jáde. Mo bọ́ sílẹ̀ láti dúpẹ́, ó ti gbé ìbọ̀wọ́ sókè sí mi, ó ti ń wọlé lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí sínóò bá ti já lóru, ó ti máa ń kó ti iwájú ilé mi kí n tó jí.

Wọn kì í béèrè bí ìyá rẹ ṣe sùn. Wọn kì í kanlẹ̀kùn láìkọ́kọ́ pe fóònù. Àwọn ọmọdé ń pe àgbà lórúkọ, n kò tíì gbà á mọ́ra títí di òní. Ṣùgbọ́n òtútù ibí lè pa ènìyàn, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n, torí náà wọn kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyá Tèmi, n kò gbèjà ọkùnrin onígíláàsì yẹn. Mo kàn ń béèrè: ṣé ọjọ́ líle kankan ti dé tí ẹ ti rí ohun tí yóò ṣe?

Ọmọ Bùkúrù, ní Ògòlóńtò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Mo ti padà dé. Bùkúrù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń tajà níbẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn ọdún 2001 láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, ilé-ìwé girama ni mo wà. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí Ìyá Tèmi ṣe ṣàpèjúwe àdúgbò rẹ̀ ni tiwa rí gẹ́lẹ́. Télọ̀, alápatà, pásítọ̀, kànga kan ni gbogbo wa ń pọn.

Òtútù tó wà ní Jos ní 1999, òun náà ló wà níbẹ̀ ní 2001, àti ní 2008 àti 2010 tí ìjà tún bẹ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò yí padà. Ẹni tó ń kí bàbá mi láràárọ̀ kò kí i mọ́. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sí ọ̀dọ̀ Kìrìsìtẹ́nì, àdúgbò sì pín. Lẹ́yìn ti 2010 ni a kó wá sí Ìkòròdú. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ojú-ọjọ́ ló ń ṣe ìwà, n kò lè gbà.

Ìyá Tèmi, n kò ní kí ẹ má lọ. Àwọn tó ń gbìyànjú láti gbé pọ̀ ṣì wà, ìyá Berom yín àti télọ̀ yẹn wà lára wọn, Ọlọ́run á bù kún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣì wà ní àdúgbò náà. Bí kì í bá ṣe àdúgbò yẹn, Jos mìíràn ni ẹ ń lọ. Àárò yìnyín tó máa ń já lù páànù wa ṣì ń sọ mí. A máa ń ṣà á jẹ.

Tíṣà Àjárá · Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Ará Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àgbádárìgì láti ọdún 2016. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibí kún un.

Afẹ́fẹ́ òkun ni oore tí a ní. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ a máa yára gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ tútù á wá máa fẹ́ láti ojú omi wọlé. Àgbọn pọ̀ débi pé òjìji wọn bo ojú ọ̀nà. Àmọ́ iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ náà, ó ń jẹ páànù, ó ń jẹ ìṣó, ó ń jẹ ìdè ilẹ̀kùn. Mo pààrọ̀ ìdè géètì mi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́rin.

Ìyá Tèmi, ìbéèrè kan: fèrèsé mélòó ló wà ní yàrá àwọn ọmọ? Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì kọjú sí odi, fáànù kò lè ràn yín lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ wa ti sábà ń fẹ́. Yàrá tó ní fèrèsé méjì tó kọjú síra lápá ibẹ̀ á tutù ju èyí tí ẹ wà lọ, láìsan owó iná. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, ẹ wo ilé àtijọ́ Ìkòròdú, àjà ga, fèrèsé pọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere parí níbí ní 1845, tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, fèrèsé gígùn ló ní, tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé.

Ti ìwà ńkọ́? Ẹ̀gùn ni èdè ibí, n kò gbọ́ ẹyọ kan nígbà tí mo dé. Ọdún àkọ́kọ́ le. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo rò pé èmi ni wọ́n ń bú. Lọ́jọ́ kan ìyá kan rí mi níbi tí mo ti ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ní “mikuabọ!” Mo dúró. Mo ní, “Màmá, ẹ kúàbọ̀ ni ẹ ń sọ fún mi yẹn?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè náà lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bú mi mọ́, tàbí kí n sọ pé mo wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìdílé Májídùn · Ọjọ́rú, 1:20 ọ̀sán

Ooru nìkan lẹ ń wò. Àwa tó wà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ Odò Ògùn, ní Májídùn títí dé Ajégúnlẹ̀, àrọ̀kúrò ni ìbẹ̀rù wa. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yán lókè lọ́hùn-ún, ilé wa ló ń bá a. Ìgbà yẹn lẹ ó mọ aládùúgbò. Ẹni tí a kì í kí ló gbé àpótí ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ mi sórí rẹ̀ nínú omi tó mu ú dé àyà.

Àdùkẹ́, Ọ̀dọ̀gúnyàn · Ọjọ́rú, 6:45 ìrọ̀lẹ́

Ìbàdàn ni mí, ọdún mẹ́fà rèé ní Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dun àwa àlejò obìnrin. Ní ọjọ́ Orò, a ò gbọdọ̀ yọjú. Mo mọ̀ pé Yorùbá ni mí, mo mọ Orò láti ilé. Ṣùgbọ́n mo lóyún nígbà kan, inú yàrá kan tí mo ti fèrèsé rẹ̀, iná kò sí, ooru ń mú mi, mo ń ronú pé bí ìrọbí bá mú mi báyìí ńkọ́? Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kì í ṣe ọmọ ìlú.

Alájì Ọ̀nà Ṣàgámù · Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́

Àdùkẹ́, ọmọ mi, ẹ kú ewu. N kì í ṣe ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ni mí, n kò sì ní purọ́: ọ̀rọ̀ yín wúwo. Wọ́n máa ń kéde ọjọ́ náà ṣáájú kí kálukú lè múra. Ìkéde kò sì lè dá ìrọbí dúró. Ó yẹ kí àwọn àgbà ìlú ṣètò tó hàn kedere fún aláìsàn àti aláboyún, kí àlejò pàápàá mọ ẹni tí òun máa pè. Mo máa sọ ọ́ níbi tí ó tọ́.

Ìyá Tèmi, Igbógbó · Ọjọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí ọkọ mi létí, mo sì sunkún nígbà tí mo dé ibi tí ìyá Nọ́ọ̀sì ti ń ka mọ́tò. Mo ti pe Jos. Ìyá Berom wà níbẹ̀. Télọ̀ ti kó lọ láti ọdún tó kọjá, wọn kò mọ ibi tó wà. Ọmọ Bùkúrù, ẹ kú ìrántí.

Tíṣà, fèrèsé kan ṣoṣo ni, odi ló kọjú sí. A ti kó ibùsùn àwọn ọmọ lọ sí pálọ̀, níbi tí fèrèsé méjì wà. Ara ọmọ ti ń jinná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Àkọ́rọ̀ rọ̀ sí Igbógbó. Mo wà nílé ìdáná, mò ń yí ẹja padà nínú epo. Atẹ́gùn kọ́kọ́ dìde, ó gbé eruku, lẹ́yìn náà ni òórùn ilẹ̀ tútù wọlé. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń lu géètì wa kíkankíkan. “Màmá Tèmi! Màmá Tèmi! Aṣọ wà lórí okùn!” Mo sáré jáde. Ìyàwó ọkùnrin onígíláàsì ni, ó fi báfù pupa borí, òjò ti ń kán sí i léjìká. Mo ṣí géètì, a jọ já aṣọ náà sínú báfù rẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀, a sì sá wọ abẹ́ òrùlé.

N kò sọ orúkọ ọmọ mi fún un rí. Ó ní òun máa ń gbọ́ bí mo ṣe ń pe Tèmi lórí odi láràárọ̀. Ará Uyo ni wọ́n. Ọdún kejì wọn rèé ní Igbógbó, ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó ní òjò tiwa yìí kéré, pé ní Uyo òjò kì í dá bọ̀rọ̀. Ó bi mí léèrè ohun tí “ẹ kú iṣẹ́” túmọ̀ sí. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́, ó ní òun máa sọ fún ọkọ òun.

Mo sùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni ọmọ ìlú. Àwọn ni àlejò. Oṣù mẹ́rìnlá, n kò gbé abọ́ oúnjẹ kankan kọjá géètì wọn rí, mo dúró kí wọ́n gbé e wá fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Jos. Mo gbé ẹja díndín àti ẹ̀kọ lọ láàárọ̀ yìí. Ọkọ ló ṣílẹ̀kùn.

Ọkọ tèmi ṣì fẹ́ lọ. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Lọ́la a máa lọ wo ilé kan ní Ìta Ẹlẹ́wà, ilé àtijọ́ ni, àjà rẹ̀ ga, wọ́n ní fèrèsé rẹ̀ kọjú síra. N kò mọ èwo la máa mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ · Ọjọ́ Sátidé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹja lọ sí ilé ará Uyo, ẹ jẹ́ kí n fi gbígbẹ ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó dáa fún ọbẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ mi. Kí ló sọ nígbà tó ṣílẹ̀kùn?

Ìyá Tèmi, Igbógbó · Ọjọ́ Sátidé, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́.” Àárọ̀ kùtù, èmi tí mo gbé abọ́ dání. Mo dáhùn, mo ní, “Ẹ ṣé o, sà.”

Nọ́ọ̀sì Winnipeg · Ọjọ́ Sátidé, 7:48 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀dẹ́. Òjò náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún un. Ó ní kí n kí gbogbo yín, ẹ kú òjò o.